Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Tí Wọ́n Sìn Jẹ́rìí Wọn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Mo ka ìròyìn tí ẹ gbé jáde nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí yunifásítì wọn pè padà láti dá lọ́lá, àwọn kan nítorí àṣeyọrí wọn lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan nítorí iṣẹ́ ìsìn tí wọ́n ṣe fún àwùjọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Inú mi dùn pé ẹ fún un ní àyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí yinniyinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn ni àwọn àgbà wí, àwùjọ tí kò bá sì mọ ẹni tí ó yẹ kí òun yìn kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa yin ẹni tí kò yẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán, ohun kan wà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀gá àgbà yunifásítì sọ̀rọ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde sọ̀rọ̀, àwọn tí a dá lọ́lá dìde, wọ́n dúpẹ́. Nínú gbogbo ìròyìn náà, n kò gbọ́ ohùn ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí iṣẹ́ ìsìn náà ṣe lóore. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. Èrò mi ni pé bí yunifásítì bá fẹ́ yẹ́ ọmọ rẹ̀ àtijọ́ sí nítorí iṣẹ́ ìsìn, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó pè ni àwọn tí ọmọ náà sìn, kí ó sì gbọ́ tẹnu wọn kí ó tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni mìíràn.

N kò sọ̀rọ̀ yìí bí àlejò. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní yunifásítì, ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀ ni mo sì fi jókòó sínú ìgbìmọ̀ tí ń yan àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tí a óò fún ní àmì-ẹ̀yẹ. Mo mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, ó sì jọra ní ọ̀pọ̀ ibi ní àgbáyé. Wọn yóò kéde pé àyè ti ṣí sílẹ̀ láti fa orúkọ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fa ènìyàn kalẹ̀ yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, yóò fi ìtàn iṣẹ́ ẹni náà mọ́ ọn, yóò sì wá ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta tí yóò kọ lẹ́tà láti gbè é lẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ yóò jókòó, yóò ka gbogbo rẹ̀, yóò dín orúkọ kù, yóò sì gbé èyí tí ó bá ṣẹ́kù lọ síwájú àwọn aláṣẹ fún ìfọwọ́sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, a máa ń pín àmì-ẹ̀yẹ náà sí ọ̀wọ́: ti àṣeyọrí lẹ́nu iṣẹ́, ti iṣẹ́ ìsìn fún àwùjọ, ti iṣẹ́ ìsìn fún yunifásítì fúnra rẹ̀, àti ti àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n jáde. Ọ̀wọ́ ti iṣẹ́ ìsìn fún yunifásítì kì í ṣe ohun kékeré rárá. Àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Harvard Medal, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní ọdún 1981, iṣẹ́ ìsìn fún Harvard gan-an ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Kò sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ rẹ̀ bá ti hàn kedere. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dojú rú ni ibi tí a ti ń pe ọ̀kan ní orúkọ èkejì, tí ẹni tí ó kọ́ ilé ńlá fún yunifásítì yóò gba àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìsìn fún àwùjọ, bí ẹni pé inú ọgbà yunifásítì nìkan ni àwùjọ wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí, n kò ní í dárúkọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún kejì tí mo wà nínú ìgbìmọ̀ náà, fọ́ọ̀mù kan dé tí kò dà bí àwọn yòókù. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn òbí ni ó kọ ọ́, òbí àwọn ọmọ tí etí wọn kò gbọ́ràn, wọ́n sì kọ ọ́ nítorí obìnrin kan tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde lọ́dọ̀ wa láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, tí ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ náà àti àwọn òbí wọn ní èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ, lẹ́yìn tí ó bá ti iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ dé, láìgba kọ́bọ̀. Ìyá kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ òun ti pé ọdún mẹ́sàn-án kí ó tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òun. Ó ní ohun tí ọmọ náà béèrè ni ibi tí bàbá rẹ̀ ń lọ láràárọ̀. Lẹ́tà mọ́kànlá ni ó bá fọ́ọ̀mù náà wá, irú nǹkan báyìí ni ó sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ìgbìmọ̀ dá a padà. Òfin wa sọ pé ẹni tí yóò fa ènìyàn kalẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì náà, kò sì sí ẹnì kankan nínú àwọn òbí wọ̀nyẹn tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tèmi náà wà lára àwọn ọwọ́ tí ó gòkè nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tí ó bá fẹ́ kí á dá a padà na ọwọ́. Mo rò nígbà náà pé bí òfin bá ti wí ni kí á ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ṣe ojúsàájú. A kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n wá akẹ́kọ̀ọ́jáde kan tí yóò bá wọn buwọ́ lù ú, a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ẹni tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìsìn fún àwùjọ ní ọdún yẹn jẹ́ ènìyàn rere, n kò sì ní í sọ ohun tí kò dára nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni ó kọ lẹ́tà gbè é lẹ́yìn, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó sọ pé iṣẹ́ ìsìn náà kan òun rí. Títí di òní, nígbàkúùgbà tí mo bá ka irú ìròyìn tí ẹ gbé jáde yìí, àwọn lẹ́tà mọ́kànlá yẹn ni mo máa ń rántí. Ẹ̀rí tí ó dára jù lọ tí ìgbìmọ̀ kan lè rí ni ó wà lọ́wọ́ wa, a sì dá a padà nítorí pé àwọn tí ó mú ẹ̀rí wá kò ní ìwé-ẹ̀rí.

Ọ̀rọ̀ Látìnì tí àwọn yunifásítì fi ń pe ọmọ wọn àtijọ́ ni alumnus, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọmọ tí a bọ́, tí a tọ́ dàgbà. Yunifásítì fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní alma mater, ìyá tí ń bọ́ ọmọ. Bí ó bá wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ni, ẹ̀tọ́ ìyá ni kí ó fi ọmọ rẹ̀ yangàn, kò sì sí ẹni tí ó lè bínú sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà ń ṣe dáadáa sí àwọn ará ìta, ṣé ìyá rẹ̀ ni a ó lọ bi? Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ó jọ mí lójú pé ìpìlẹ̀ ìṣòro yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1821 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Williams College ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí ó pẹ́ jù lọ nínú irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ wọn tí ó wà nínú ewu má baà wó ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀. Àpẹẹrẹ ọmọ tí ó dìde láti gbé ìyá rẹ̀ ró ni ìyẹn, ó sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí a bí láti máa bojú tó ilé gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ti ń wo ìta, nítorí ìta ni iṣẹ́ ìsìn fún àwùjọ wà.

Ẹ wo Wangari Maathai, ọmọ orílẹ̀-èdè Kenya. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní Mount St. Scholastica College ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1964, ó gba oyè kejì ní Yunifásítì Pittsburgh, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Nairobi ní ọdún 1971. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba irú oyè bẹ́ẹ̀ ní ìlà-oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ó dúró sí, ó ti tó ẹni tí à ń yẹ́ sí fún àṣeyọrí lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó fetí sí àwọn obìnrin ìgbèríko tí wọ́n ń sọ pé igi ìdáná ti jìnnà, pé odò ń gbẹ, pé ilẹ̀ kò so bí ó ti ń so tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 1977 ó bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Green Belt Movement. Igi méje ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn. Nígbà tí ó fi máa gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 2004, igi tí àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ti gbìn ti lé ní mílíọ̀nù 30.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn rẹ̀ kì í ṣe mílíọ̀nù 30 yẹn. Owó díẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ń san fún àwọn obìnrin tí ń tọ́ igi, iye igi tí ó bá yè ni wọ́n sì fi ń ṣírò rẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n gbìn. Mo bẹ àwọn tí wọ́n wà nínú irú ìgbìmọ̀ tí mo wà rí kí wọ́n ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Igi tí a gbìn ni àwa máa ń kà. Kànga tí wọ́n gbẹ́, ìwé tí wọ́n pín, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́ níṣẹ́, fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé ìwòsàn pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n gé: ìwọ̀nyí ni ó máa ń kún inú fọ́ọ̀mù. Nínú ọdún mẹ́fà, n kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnì kan nínú wa béèrè bóyá omi ṣì wà nínú kànga náà. A kò sì lè béèrè, nítorí àwọn tí ó mọ ìdáhùn rẹ̀ kò sí láàárín wa, a kò sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Ẹni tí ó gbẹ́ kànga mọ ọjọ́ tí ó gbẹ́ ẹ; àwọn tí ń pọnmi ni ó mọ ọjọ́ tí ó gbẹ.

Ohun mìíràn tí ó ń dà mí láàmú ni ògiri tí a mọ sí àárín àṣeyọrí lẹ́nu iṣẹ́ àti iṣẹ́ ìsìn, bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni ọwọ́ tí ènìyàn fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ó fi ń ṣoore. Govindappa Venkataswamy gboyè ìṣègùn ní Stanley Medical College ní ìlú Madras, ní Íńdíà, ní ọdún 1944. Àìsàn oríkèé-ara ká a ní ìka kò, síbẹ̀ ó kọ́ ìka náà títí ó fi di oníṣẹ́ abẹ ojú. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1976, ó ṣí ilé ìwòsàn ojú Aravind ní ìlú Madurai pẹ̀lú ibùsùn 11 péré. Wọ́n to iṣẹ́ abẹ náà ní ọ̀nà tí dókítà kan fi lè ṣe ojú púpọ̀ lójúmọ́ láìjẹ́ pé iṣẹ́ bàjẹ́, owó tí àwọn tí ó ní ń san ni wọ́n sì fi ń tọ́jú àwọn tí kò ní. Ní ọdún 1992 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra wọn ṣe awò kékeré tí a ń fi sínú ẹyinjú, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀ débi tí ọwọ́ tálákà yóò ti tó o. Bí fọ́ọ̀mù irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé iwájú ìgbìmọ̀, ọ̀wọ́ wo ni wọn yóò fi í sí? Bí kì í bá ṣe pé ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dé góńgó, iṣẹ́ ìsìn rẹ̀ kì bá tí ju àánú lásán lọ. Bí kì í bá sì ṣe nítorí àwọn tí kò lè sanwó, kò sí ohun tí ì bá mú kí ó wá ọ̀nà tuntun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ láti ibi gbogbo wá ń lọ kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ là ní Madurai kò ní í sọ fún yín bóyá iṣẹ́ ìsìn ni tàbí àṣeyọrí lẹ́nu iṣẹ́ ni. Yóò sọ fún yín pé òun ríran.

Àpẹẹrẹ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù lọ ni ti Catherine Hamlin, dókítà ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà. Yunifásítì Sydney ni ó ti gboyè ìṣègùn ní ọdún 1946. Ní ọdún 1959, òun àti ọkọ rẹ̀, Reginald, tí òun náà jẹ́ dókítà, lọ sí Ethiopia pẹ̀lú àdéhùn ọdún mẹ́ta. Obìnrin náà kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2020, nígbà tí ó pé ẹni ọdún 96. Àwọn obìnrin tí ìrọbí gígùn ti ṣe léṣe, tí ìtọ̀ ń dà lára wọn láìdáwọ́ dúró, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti sá fún, ni ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Addis Ababa ń tún ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ wọn ni Mamitu Gashe, ọmọ ìgbèríko tí kò kàwé. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, kò padà sílé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ibùsùn ní ilé ìwòsàn tí tọkọtaya náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gbé irin-iṣẹ́ fún àwọn dókítà, ó ń wo bí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ títí òun náà fi di oníṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1989, Royal College of Surgeons ní Lọ́ńdọ̀nù fi àmì-ẹ̀yẹ góòlù dá iṣẹ́ rẹ̀ lọ́lá, ó sì ti kọ́ àwọn dókítà tí wọ́n ti yunifásítì wá ní iṣẹ́ abẹ yẹn.

Bí a bá wá fẹ́ mọ ohun tí Catherine Hamlin ṣe láyé, ta ni kí á bi? Mamitu lè sọ ọ́ láti ìhà méjèèjì, ìhà ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn àti ìhà ẹni tí ó di ọ̀bẹ mú. N kò mọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ẹ̀rí rẹ̀ lè wúwo tó ìyẹn. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ òfin ìgbìmọ̀ tí mo jókòó sí ni, Mamitu kì bá tí lè fa ẹni tí ó wò ó sàn kalẹ̀, nítorí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́jáde. Bí òfin kan bá lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu mọ́, ó tọ́ kí á yí òfin náà padà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, nítorí mo ti gbọ́ ọ nínú ìgbìmọ̀. Wọn yóò sọ pé ẹni tí a ṣe lóore kò lè sọ òtítọ́. Bóyá ó ń bẹ̀rù pé oore náà yóò dáwọ́ dúró, bóyá ó ń retí òmíràn. Ewu yẹn wà lóòótọ́, n kò sì ní í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí ó kọ lẹ́tà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò retí nǹkan kan ni? Ohun tí ó yẹ kí ìgbìmọ̀ ṣe ni kí ó rán ènìyàn lọ síbi tí iṣẹ́ náà wà, kí ẹni náà lọ láìjẹ́ pé a ti pa àgọ́ dè é, kí ó bi àwọn tí wọ́n ti jàǹfààní rẹ̀ kọjá tí wọn kò sì nílò rẹ̀ mọ́, kí ó bi àwọn tí ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tí kò kàn wọ́n rárá, kí ó sì bi àwọn tí wọ́n wá ìrànlọ́wọ́ tí wọn kò rí. Àwọn tí mo dárúkọ kẹ́yìn yìí ni ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù. Bí ìrìn àjò kò bá ṣeé ṣe, tẹlifóònù wà.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé kò bójú mu kí á gbé aláìní síwájú èrò kí ó máa ròyìn ìyà rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mú ọmọ adití gun orí pèpéle kí àwọn àlejò lè pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rí yàtọ̀ sí àfihàn. Àwọn òbí tí ó kọ lẹ́tà mọ́kànlá yẹn kò bẹ̀ wá pé kí á pe àwọn síbi ayẹyẹ. Wọ́n kàn fẹ́ kí á mọ ohun tí àwọn mọ̀ ni. A lè ka ọ̀rọ̀ wọn láìdárúkọ wọn. A tilẹ̀ lè fi í sí àárín ìgbìmọ̀ nìkan, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti jẹ́ òun ni a fi ṣe ìdájọ́.

Wọ́n tún máa ń sọ pé yunifásítì mọ àwọn ọmọ rẹ̀, pé kò nílò kí ará ìta wá júwe wọn fún un. Ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn lórí èyí. Ní Oxford, di ọdún 1920 kí wọ́n tó gbà kí obìnrin gboyè. Ní Cambridge, di ọdún 1948. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn obìnrin ń gbọ́ ẹ̀kọ́ kan náà, wọ́n ń ṣe ìdánwò kan náà, wọ́n ń yege, wọ́n sì ń lọ láìgba oyè. Láàárín ọdún 1904 sí 1907, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Trinity College ní Dublin láti lọ gba oyè iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe ní Oxford àti Cambridge. Ní ọdún 1998 ni Cambridge tó pe àwọn tí wọ́n ṣì wà láàyè padà, àwọn obìnrin tí ó lé ní 900, láti ṣe ayẹyẹ oyè tí wọn kò bá wọn ṣe nígbà èwe wọn. Àádọ́ta ọdún, ó kéré tán, ni ó ti kọjá lórí ẹni tí ó kéré jù nínú wọn. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ kọ́ ní ilé-ìwé ti mọ iyì wọn, àwọn tí wọ́n tọ́jú ti mọ̀ ọ́n, àwọn tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Yunifásítì ni ó mọ̀ ọ́n gbẹ̀yìn.

Ẹ̀rí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè lọ sí ìhà kejì pẹ̀lú. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1985, wọ́n gbé orúkọ Margaret Thatcher, tí ó jẹ́ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tí ó sì ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa kẹ́mísìrì ní Somerville College ní Oxford kan náà, wá síwájú àwọn olùkọ́ Oxford fún oyè ìdánilọ́lá. Ìbò 738 ni ó ta kò ó, 319 ni ó gbè é, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé bí ìjọba rẹ̀ ṣe gé owó kù ti pa ẹ̀kọ́ àti ìwádìí lára. Ohun yòówù tí olùkà yín bá rò nípa rẹ̀, àwọn tí iṣẹ́ ẹni náà kàn ni a jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, ìdáhùn wọn sì ni ó dúró. Bí a bá fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní irú àǹfààní yẹn, n kò rí ìdí tí a kò fi ní í fún ìyá ọmọ tí kò gbọ́ràn.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Kí á gba ẹni tí kò kàwé ní yunifásítì náà láyè láti fa akẹ́kọ̀ọ́jáde ibẹ̀ kalẹ̀ fún àmì-ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìsìn. Kí ọ̀kan, ó kéré tán, nínú àwọn lẹ́tà tí ó gbè é lẹ́yìn wá láti ọwọ́ àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́jáde náà sìn. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n kọ, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu kí á gbà á sílẹ̀, ní èdè tí wọ́n bá gbọ́. Owó tí ènìyàn sì fún yunifásítì, kí á dúpẹ́ rẹ̀ ní àyè tirẹ̀ àti ní orúkọ tirẹ̀.

Ẹ̀yin náà ní ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí, Olóòtú. Nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ gbé irú ìròyìn yìí jáde, mo bẹ̀ yín, kí akọ̀ròyìn yín má ṣe dúró sí gbọ̀ngàn ayẹyẹ nìkan; kí ó lọ síbi tí iṣẹ́ wà, kí ó sì kọ ohun tí ó bá gbọ́ níbẹ̀. Bí ìkéde fún ìfàkalẹ̀ orúkọ tí ń bọ̀ bá sì dé ọ́fíìsì yín, ẹ bi yunifásítì tí ó fi í ránṣẹ́ bóyá ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́jáde lè kọ fọ́ọ̀mù náà. Bí wọ́n bá ní kò lè kọ ọ́, ẹ bi wọ́n ní ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde fún wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ yunifásítì tí ó ti fẹ̀yìn tì